Báwo lẹ ṣe ń mọ dókítà ojú tó kúnjú òṣùwọ̀n láti fi lésà ṣe ojú èèyàn? Mo fẹ́ bọ́ gíláàsì sílẹ̀

Arẹwà_Sùúrùlérè:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìmọ̀ràn yín lórí ọ̀rọ̀ kan tí ò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí, Sùúrùlérè ni mò ń gbé, bánkì kan ní Màrínà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, orí káńtà ni mo máa ń jókòó. Láti JSS2 ni mo ti ń lo gíláàsì, máínọ́ọ̀sì 1.50 ni nígbà yẹn, ní báyìí ojú ọ̀tún ti di máínọ́ọ̀sì 6.50, tòsì ti di máínọ́ọ̀sì 7. Tí mo bá bọ́ ọ lálẹ́ mi ò lè rí àgogo ara ògiri, ọwọ́ ni mo fi ń wá gíláàsì lórí tábìlì láàárọ̀ kí n tó lè dìde.

Lọ́jọ́ kan nínú òjò oṣù kẹfà, mò ń sáré lọ wọ bọ́ọ̀sì l'Ójúẹlẹ́gba, ẹnì kan kọlù mí, gíláàsì já bọ́ sínú àgbàrá, kí n tó bẹ̀rẹ̀ láti mú un mọ́tò ti gun orí ẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ bí ọmọ tó sọnù, mi ò rí ohun tí wọ́n kọ sára bọ́ọ̀sì, mi ò rí ojú kọ́ńdọ̀, ohùn nìkan ni mò ń gbọ́, "CMS! CMS! wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ!" Ìyá kan tó ń din àkàrà ló fi iṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ tó fà mí lọ́wọ́ títí mo fi wọlé.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá bí mo ṣe máa ṣe LASIK, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń fi lésà ṣe sójú kéèyàn lè bọ́ gíláàsì sílẹ̀. Mo rí ilé ìwòsàn kan lórí Instagram tó ń polówó pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, o ti dágbére fún gíláàsì nìyẹn. Fọ́tò dókítà wà níbẹ̀, ẹ̀rín ẹ̀ dùn ún wò, ṣùgbọ́n kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ibo ló ti kọ́ṣẹ́, ọdún mélòó ló ti ń ṣe é, irú ojú wo ló máa ń gbà, irú èwo ló máa ń dá padà. Mo pè wọ́n, ọmọbìnrin tó gbé e ní kí n kọ́kọ́ san owó sílẹ̀ ná, pé dókítà á ṣàlàyé tó bá di ọjọ́ yẹn. Màmá mi gbọ́, wọ́n fárígá, wọ́n ní ojú lọba ara, ẹyinjú ò ní sípéà, pé àwọn ò ní jókòó lásán kí ẹni táwọn ò mọ ibi tó ti wá fi iná lésà sí ọmọ àwọn lójú.

Ìbéèrè mi nìyí o: báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ bóyá dókítà ojú kan kọ́ iṣẹ́ yìí dójú àmì? Kí ló yẹ kó ṣe fún mi kó tó sọ pé òun máa ṣe é? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi sòótọ́, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́.

Ọ̀gá_Kọ̀ǹpútà_Ìkẹjà:

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o, ọ̀rọ̀ gíláàsì inú àgbàrá yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara torí irú ẹ̀ ti ṣe mí rí. Ọdún 2019 ni mo ṣe LASIK tèmi, máínọ́ọ̀sì 4 ni mí lójú méjèèjì, mi ò tíì wọ gíláàsì láti ìgbà náà àfi ti òòrùn. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n ń polówó yẹn, òótọ́ ni pé lésà fúnra ẹ̀ kì í pẹ́ lórí ojú rárá, ìṣẹ́jú àáyá la fi ń kà á, àmọ́ ohun tó wà ṣáájú ẹ̀ ló gba àkókò. Odidi àárọ̀ ọjọ́ kan ni dókítà tó ṣe tèmi fi wọn ojú mi, ó tún ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kí òun tún un wọ̀n torí pé mo máa ń wọ lẹ́ńsì tí wọ́n ń fi sínú ojú, lẹ́ńsì yẹn máa ń tẹ iwájú ẹyinjú, ó máa ń yí i padà díẹ̀, téèyàn ò bá yọ ọ́ kúrò fún ìgbà díẹ̀ ná, nọ́ńbà tí máṣíìnì bá gbé jáde ò ní jóòótọ́. Tó bá wá jẹ́ lẹ́ńsì líle ni, ó máa ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ.

Mo bi í níbo ló ti kọ́ṣẹ́, kò bínú. Ó fa àga ẹ̀ sún mọ́ mi, ó sọ iléèwé tó lọ, ó sọ ibi tó ti ṣe rẹ́sídẹ́ńsì, ìyẹn ibi tó ti kọ́ iṣẹ́ abẹ ojú lẹ́yìn tó di dókítà, ó sọ ìlú òkèèrè tó ti lọ kọ́ ti cornea, awọ iwájú ẹyinjú, nìkan, ó tún sọ iye ojú tó ṣe lọ́dún tó ṣáájú àti iye tó padà tún ṣe lẹ́ẹ̀kejì nínú wọn. Ibi tó ti ka iye àwọn tó tún ṣe yẹn ni ọkàn mi ti balẹ̀, torí kò sẹ́ni tó bi í.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, mo fẹ́ràn kí n mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú, mo wá lọ kà nípa ẹ̀. Cornea ni awọ tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú, ẹ fi ṣe wínsíkírìnì mọ́tò. Ẹni tó bá ń lo máínọ́ọ̀sì, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ wọlé ti ń para pọ̀ kó tó dé ẹ̀yìn ojú níbi tó yẹ kó dé, ìdí nìyẹn tí ọ̀nà jíjìn fi máa ń rí bàìbàì. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á ṣí abala tínńtín kan lórí cornea bí ẹni ṣí ìwé, wọ́n á fi lésà bó abẹ́ ẹ̀ kó lè tẹ́jú sí i, wọ́n á dá abala yẹn padà sáyè ẹ̀. Ilé iṣẹ́ IBM, IBM tó ń ṣe kọ̀ǹpútà yìí náà, ni wọ́n ti rí i pé lésà yìí lè gé ara. Ní 1981, àwọn onímọ̀ mẹ́ta kan, Rangaswamy Srinivasan, James Wynne àti Samuel Blum, ń ṣiṣẹ́ lórí lésà tí wọ́n ń pè ní excimer, Srinivasan wá gbé tòlótòló tó ṣẹ́ kù níbi àsè Thanksgiving ilé ẹ̀ lọ sí láàbù, wọ́n tan lésà sí i, ó gé e tónítóní, ẹ̀bá ẹ̀ ò jó. Ọdún 1983 ni dókítà ojú kan ní New York, Stephen Trokel, bá Srinivasan ṣe é pọ̀ tí wọ́n dán an wò lórí cornea. Nítorí náà ẹ bá mi sọ fún Màmá pé kì í ṣe iná tó ń jóni o, ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn ò lè rí ni, ohun tó ń bó kúrò lẹ́ẹ̀kan ò tó máíkírọ́ọ̀nù kan, bẹ́ẹ̀ 1,000 máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo.

Bó ṣe rí lára mi rèé. Wọ́n kán òògùn tó ń mú ojú kú tipiri sí i, wọ́n fi nǹkan kan la ìpéǹpéjú kó má lè ṣẹ́, wọ́n ní kí n máa wo iná kékeré kan. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣí abala yẹn, wọ́n gbé nǹkan kan lé ojú mi, ó fà á mọ́ra, gbogbo ẹ̀ ṣókùnkùn fún ìgbà díẹ̀, ibẹ̀ lẹ̀rù ti bà mí jù, àmọ́ dókítà ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ ní gbogbo ìgbà yẹn. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ kẹ́kẹ́kẹ́, mo gbóòórùn bí irun tó jó. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó ta mí bí ẹni tí ọṣẹ kó sí lójú. Nígbà tílẹ̀ mọ́ mo dúró lẹ́nu wíńdò, mo ka orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lódìkejì títì, omi jáde lójú mi.

Ẹ ní ká má fi nǹkan kan pamọ́. Bí oṣù mẹ́ta ni mo fi ń rí òbíríkítí ìmọ́lẹ̀ yí iná mọ́tò ká tí mo bá ń wakọ̀ lálẹ́ lórí Third Mainland, ó dẹ́kun díẹ̀díẹ̀. Ọyẹ́ ló ṣì ń dààmú mi títí dòní, ojú mi máa ń gbẹ, mo gbọ́dọ̀ máa kán omi ojú tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì sí i.

Alájọ_Múṣin:

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, ẹni tó ti pé ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ńkọ́? Èmi ń rí ọ̀nà jíjìn dáadáa, fóònù àti ìwé àjọ ni mi ò lè kà mọ́ àfi kí n nà án síwájú. Ṣé lésà lè ṣe é?

Awò_Ojú_Yábà:

Alájọ, ẹ dúró díẹ̀, mò ń bọ̀ lórí tiyín.

Arẹwà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń pe gbogbo ẹni tó bá ti fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú ní dókítà ojú, ibẹ̀ ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó yìí. Optometrist lèmi, ọdún mẹ́fà la lò ní yunifásítì, a máa ń yẹ ojú wò, a máa ń kọ nọ́ńbà gíláàsì, tá a bá rí àìsàn níbẹ̀ a lè tọ́ka ẹ síbi tó yẹ, ṣùgbọ́n abẹ kì í ṣe tiwa. Ẹni tó ń gé dígí sínú férémù, tiẹ̀ tún yàtọ̀. Ophthalmologist ló ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Ẹni yẹn á kọ́kọ́ lo ọdún mẹ́fà láti di dókítà, á ṣe ọdún kan háósìmànṣíìpù, á sin ìjọba, lẹ́yìn ẹ̀ ló máa wá wọ rẹ́sídẹ́ńsì ojú ní ilé ìwòsàn ńlá, bíi LUTH n'Ídí-Àràbà tí Guinness Eye Centre wà nínú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni rẹ́sídẹ́ńsì yẹn, wọ́n máa ń ṣe ìdánwò primary, Part 1, Part 2, ọwọ́ National Postgraduate Medical College tó wà ní Ìjànìkin lọ́nà Badagry ni àwọn kan ti ń gba ìwé ẹ̀rí, àwọn míì gbà á lọ́dọ̀ West African College of Surgeons tí ọ́fíìsì wọn wà lẹ́bàá wa níbí ní Yábà. Tẹ́ ẹ bá rí FMCOph tàbí FWACS lẹ́yìn orúkọ dókítà ojú, ohun tó túmọ̀ sí nìyẹn.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí. Ìwé yẹn fi hàn pé ó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ojú, kò fi hàn pé ó mọ lésà LASIK. Kàtàráàtì àti glaucoma, àìsàn tó máa ń jẹ iṣan ojú, ni wọ́n ń rí jù nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ níbí. Ẹni tó fẹ́ máa ṣe ti cornea àti bíbọ́ gíláàsì sílẹ̀ gbọ́dọ̀ tún jókòó ti ọ̀gá kan tó ń ṣe é lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tiwa ló ń lọ sí Íńdíà fún un torí èrò tí wọ́n ń rí lóòjọ́ níbẹ̀ pọ̀. Nítorí náà ẹ bi í: lẹ́yìn rẹ́sídẹ́ńsì, ta lẹ kọ́ èyí lọ́dọ̀ ẹ̀, báwo lẹ sì ṣe pẹ́ tó níbẹ̀? Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ wádìí orúkọ ẹ̀ lọ́dọ̀ MDCN, àjọ tó ń fọwọ́ sí iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, láìsẹ́ńsì tí wọ́n ń fún dókítà, ọdọọdún ni wọ́n ń tún un ṣe, tó bá ti kú ẹ má jókòó. Ilé ìwòsàn fúnra ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé HEFAMAA, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé ìwòsàn ní ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ wo ara ògiri níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì.

Alájọ, tiyín yẹn, ọjọ́ orí ni. Lẹ́ńsì tó wà nínú ẹyinjú gan-an ló ti le, kò lè yí ara ẹ̀ padà fún ohun tó wà nítòsí bíi ti àtijọ́, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn tó bá ti lé lógójì. LASIK ò ní kí ó má ṣẹlẹ̀, àní ẹni tó ṣe é lọ́mọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ṣì máa lo gíláàsì ìkàwé tó bá dàgbà. Àwọn dókítà kan máa ń ṣe ojú kan fún ọ̀nà jíjìn, wọ́n á fi èkejì sílẹ̀ fún ìwé kíkà, kì í bá gbogbo èèyàn lára mu, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi lẹ́ńsì dán an wò fún yín. Ní tiyín, gíláàsì ìkàwé ti tó, ẹ má náwó yẹn.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó:

Arẹwà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka tèmi kẹ́ ẹ tó san owó sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn mo lọ sí ilé ìwòsàn kan, mi ò ní dárúkọ wọn, wọ́n ní kí n gbé àgbọ̀n lé máṣíìnì kan, kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ tí wọ́n ti ní ojú mi dáa fún LASIK, wọ́n gba ìdajì owó, wọ́n fún mi lọ́jọ́. Dókítà tó fẹ́ ṣe é, mi ò rí i, nọ́ọ̀sì ló ń bá mi sọ gbogbo ẹ̀. Àǹtí mi kan ló ní rárá, kí n lọ jẹ́ kí ẹlòmíì náà wò ó, mo bínú sí wọn torí mo ti ń ka ọjọ́.

Dókítà kejì yìí, nǹkan àkọ́kọ́ tó bi mí ni bóyá mo máa ń nu ojú mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, láti kékeré ni ojú ti máa ń yún mi, mo máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún títí á fi pọ́n. Ó dákẹ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó gbé mi jókòó síwájú ẹ̀rọ kan tó ń tan òbíríkítí, òbíríkítí lórí òbíríkítí bí ìgbà tí wọ́n sọ òkò sínú omi, ó ní kí n má ṣẹ́jú. Nígbà tó parí ó yí kọ̀ǹpútà ẹ̀ sọ́dọ̀ mi, àwòrán ojú mi wà níbẹ̀ bíi máàpù, àwọ̀ ewé, yẹ́lò, pupa, pupa yẹn rọ̀ sí ìsàlẹ̀ lápá kan. Ó fi bírò tọ́ka síbẹ̀, ó ní "ṣé o mọ bí ṣòkòtò tó ti gbó ṣe máa ń yọ síta níbi orúnkún? Ohun tí cornea rẹ ń ṣe nìyí. Ó ti ń tinrín, ó ń yọ síta. Tí wọ́n bá tún fi lésà bó o, o lè má ríran mọ́ pẹ̀lú gíláàsì gan-an." Keratoconus lorúkọ ẹ̀.

Mo jókòó sínú mọ́tò ní ìta ilé ìwòsàn náà fún bí wákàtí kan, mi ò lè wakọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi níbi àkọ́kọ́ ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Dókítà yẹn ò fi lésà kàn mí. Ohun tó ṣe fún mi ni cross-linking, wọ́n á máa kán fítámì B2 sí ojú, wọ́n á wá tan ìmọ́lẹ̀ ultraviolet sí i kí cornea lè le, kó má yọ mọ́, Dresden ní Jámánì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ó dá a dúró, mo ń lo lẹ́ńsì líle báyìí, mo ń ríran, mo ń ṣiṣẹ́ mi n'Ídúmọ̀tà. Owó tí mo san níbi àkọ́kọ́, oṣù márùn-ún ni mo fi lọ fi bọ̀ kí wọ́n tó dá díẹ̀ padà nínú ẹ̀.

Arẹwà_Sùúrùlérè:

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, mo ka tiyín sókè fún màmá mi, wọ́n ní kí Ọlọ́run túbọ̀ máa ṣọ́ ojú yín. Èmi náà máa ń nu ojú tí ekuru bá wọ̀ ọ́ o. Ẹ̀rù ti ń bà mí.

Màmá_Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀bútẹ́Mẹ́ta:

Ọmọ mi, má bẹ̀rù, ẹ̀rù ò wọn ojú, máṣíìnì ló ń wọ̀n ọ́n. Mo fi ọdún tó lé ní ọgbọ̀n ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì nínú tíátà ojú kí n tó fẹ̀yìn tì, mo ti dúró ti oríṣiríṣi oníṣẹ́ abẹ, jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Dókítà tí mo lè gbé ojú ọmọ mi fún, tó bá di ọjọ́ iṣẹ́, fúnra ẹ̀ ló máa ń ka fáìlì, kì í rán ẹnikẹ́ni. Á pe orúkọ aláìsàn, á ní kí aláìsàn fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ojú tí wọ́n fẹ́ ṣe, á tún yẹ nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sínú ẹ̀rọ wò lẹ́ẹ̀mejì torí pé ẹ̀rọ ò mọ ẹni tó dùbúlẹ̀, ohun tí wọ́n bá tẹ̀ sí i ló máa ṣe. Nígbà tó bá sì ń yẹ̀ ọ́ wò ṣáájú, wo bóyá ó ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí. Á kán òògùn tó ń mú kí ọmọlójú fẹ̀, ìríran rẹ á ṣú fún wákàtí mélòó kan, nítorí náà má wakọ̀ lọ. Ìgbà tó bá fẹ̀ yẹn ló máa rí ẹ̀yìn ojú, ẹni tó bá ń lo máínọ́ọ̀sì tó ga bíi tìẹ, ẹyinjú ẹ̀ gùn, awọ ẹ̀yìn ojú máa ń nà, ó lè ní ihò kékeré. LASIK ò tún ìyẹn ṣe o, iwájú nìkan ló ń ṣe, lẹ́yìn ẹ̀ náà o ṣì gbọ́dọ̀ máa lọ yẹ ẹ̀yìn wò. Á tún ki bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ rẹ, o máa dijú fún ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n á wo ibi tí omi ojú rin ín dé, tí kò bá dé mìlímítà márùn-ún, ojú ẹ gbẹ jù, wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú ìyẹn ná. Tó o bá lóyún tàbí tó ò ń fọ́mọ lọ́mú, á ní kó o dúró. Tí nọ́ńbà gíláàsì rẹ ṣì ń yí padà láàárín ọdún kan, á ní kó o dúró.

Èyí tí àwọn èèyàn kì í béèrè, òun ló sì ká mi lára jù, ni glaucoma. Àwa aláwọ̀ dúdú ló ń mú jù, ó máa ń mú wa kùtùkùtù, kì í dunni, kì í yúnni, kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀, tó bá ti jẹ iṣan ojú kò sí dókítà tó lè dá a padà. Ẹ̀rọ tó ń wọn ìfúnpá inú ojú, ara cornea ló ń tẹ̀. Tí wọ́n bá ti fi lésà sọ cornea di tínrín, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ yẹn máa mú jáde máa kéré ju bó ṣe rí gan-an lọ, dókítà tí ò mọ̀ pé o ti ṣe LASIK rí á ní ojú rẹ dáa, bẹ́ẹ̀ kò dáa. Nítorí náà gba ìwé gbogbo ohun tí wọ́n bá wọ̀n ṣáájú, kí wọ́n tó fọwọ́ kàn ọ́, tọ́jú ẹ̀ bí ìwé ilẹ̀. Lọ́jọ́ alẹ́ tí kàtàráàtì bá dé, ìwé yẹn náà ni wọ́n máa fi mọ lẹ́ńsì tó yẹ kí wọ́n fi sí ọ lójú.

Ọ̀nà ò wá mọ sí LASIK nìkan. PRK wà, kò sí abala ṣíṣí níbẹ̀, wọ́n á ha awọ òkè kúrò, wọ́n á fi lésà ṣe é, awọ yẹn á tún hù, ó máa ń dunni fún bí ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, ìríran kì í tètè dúró, àmọ́ ẹni tí cornea ẹ̀ ò nípọn lè rí àyè níbẹ̀. SMILE wà, ihò kékeré ni wọ́n ń gbà yọ díẹ̀ lára cornea jáde. Lẹ́ńsì tí wọ́n ń fi sínú ojú láìyọ ti Ọlọ́run náà wà. Dókítà tó bá jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ló ní, tó sì jẹ́ pé òun náà ló bá gbogbo ẹni tó wọlé mu, dìde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bẹ̀rù lésà, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ojú. Obìnrin aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, Patricia Bath ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ ní 1988 lórí ẹ̀rọ lésà tó ṣe fún yíyọ kàtàráàtì. Fọ́tò ẹ̀ wà lára ògiri yàrá mi.

Òògùn tí wọ́n bá fún ọ lẹ́yìn ẹ̀, sìtẹ́rọ́ọ̀dù máa ń wà nínú ẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá ní kó o dá a dúró ni kó o dá a dúró, má lọ rà á kún un ní kẹ́mísì torí pé ó ń tù ọ́ lára, mo ti rí ojú tó fọ́ nítorí ìyẹn, ìfúnpá ló máa ń gbé sókè. Kò sí tìróò, kò sí omi òkun, kò sí fífi ọwọ́ nu ojú. Fi ìbòjú tí wọ́n bá fún ọ sùn.

Arẹwà_Sùúrùlérè:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti lọ. Mi ò padà sọ́dọ̀ àwọn Instagram yẹn, ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ló júwe dókítà míì, mo yẹ orúkọ ẹ̀ wò bí Awò Ojú ṣe ní kí n ṣe, mo gba òfì lọ́jọ́ Wẹ́sìdé, màmá mi ní àwọn á bá mi lọ torí àwọn fẹ́ fi ojú ara àwọn rí i.

Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán la fi wà níbẹ̀. Bébà inú ìpéǹpéjú, òbíríkítí, òògùn tó ń mú ọmọlójú fẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló ṣe. Mo bi í níbo lẹ ti kọ́ṣẹ́, ó dáhùn, mo bi í iye tẹ́ ẹ tún ṣe, ó dáhùn. Ẹ̀yìn ìyẹn ló mú bébà, ó ń ṣe ìṣirò níwájú mi. Cornea mi jẹ́ 498 máíkírọ́ọ̀nù, ó ní ti ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń tó bíi 540. Abala tó máa ṣí á gba 110, máínọ́ọ̀sì 7 á gba bíi 98, àròpọ̀ ẹ̀ 208. Ó ku 290. Ó ní àwọn kan á wo 290 yẹn wọ́n á ní ó ti tó, torí pé kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju 250 lọ, ṣùgbọ́n 208 nínú 498 ti ju ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún lọ, òun ò fẹ́ kó dé ibẹ̀. Ó ní òun ò ní ṣe LASIK fún mi. Bóyá PRK, bóyá lẹ́ńsì inú ojú, kò tíì mọ èwo, torí nọ́ńbà mi yí padà lọ́dún tó kọjá, ó ní kí n padà wá lẹ́yìn ọdún kan kí òun tún un wọ̀n. Kò gba owó kankan sílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ. Mo sunkún díẹ̀, mi ò purọ́.

Ó wá béèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa ní glaucoma. Mo ní rárá. Màmá mi tó jókòó sẹ́yìn ní "ìyá mi fọ́jú kí wọ́n tó kú, àwọn ará ilé ní ayé ló ṣe é." Mi ò gbọ́ ọ rí láyé mi. Dókítà gbé bírò sílẹ̀. Ó wo iṣan ojú mi lẹ́ẹ̀kejì, ó ní tèmi dáa. Ó wá yíjú sí màmá mi, ó ní "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi jókòó sórí àga yìí." Wọ́n ní àwọn ò wá fún ojú, pé ojú àwọn ò ṣe nǹkan kan, ó sáà rọ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà. Ìfúnpá ojú ọ̀tún wọn jẹ́ 28, tòsì 26, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó ju 21 lọ. Iṣan ojú ọ̀tún ti jẹ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn ò mọ̀, wọ́n ṣì ń ríran wọ abẹ́rẹ́.

Màmá Nọ́ọ̀sì, wọ́n ní kí n kí yín. Ẹ̀kán kan lójú kọ̀ọ̀kan lálálẹ́ ni wọ́n kọ fún wọn, wọ́n ní àwọn ò lè kán an fúnra àwọn, ọwọ́ wọn máa ń gbọ̀n, ó máa ń dà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Aago mẹ́sàn-án ti lù, wọ́n ti dùbúlẹ̀ sórí àga pàlọ̀, wọ́n ń pè mí.